Kókó Tí Kò Yẹ Kó Yọ́

Àlùmọ́gàjí ló kọ́kọ́ tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Àǹtí mi ń gé aṣọ kọ́tìnì nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjà Tẹ́júoṣó lọ́jọ́ kan, oníbàárà dúró tì í, ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó fúnra rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń gbọ̀n bí ọwọ́ ẹni tí ebi ń pa. Ó ń fò sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, àlùmọ́gàjí sì já bọ́, ó ku díẹ̀ kó gún oníbàárà lẹ́sẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ tí ọwọ́ náà fi dákẹ́. Àǹtí mi mú àlùmọ́gàjí nílẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ó gé kọ́tìnì náà tán. Ọjọ́ kẹta ló tó sọ fún mi, ó sì sọ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn ń ṣòfófó ẹlòmíràn.

Àǹtí ni mo ń pè é, ṣùgbọ́n òun ló tọ́ mi. Mo wà ní pírámárì nígbà tí ìyá wa kú, òun sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán ni. Kọ́tìnì ló fi rán mi lọ sí girama, kọ́tìnì náà ló fi rán mi dé yunifásítì, títí mo fi di tíṣà sáyẹ́ǹsì ní ilé ìwé kan ní Yaba. Láti ìgbà náà, Tíṣà ló ń pè mí. Bí inú bá ń bí i sí mi, á ní, "Tíṣà, ṣé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé nìyẹn?" Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní Kánádà. Bí ó bá di ọ̀rọ̀ ọsibítù, èmi náà ni.

A ya fọ́tò orí. Dókítà tó gbà wá jẹ́ obìnrin, ọmọdé ni lójú mi, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ débi pé èèyàn gbọ́dọ̀ na ọrùn kó tó gbọ́ ọ. Ó gbé fọ́tò náà sára iná, ó fi bírò tọ́ka sí nǹkan funfun kan lápá òsì.

"Mọ́mì, ẹ má jáyà," ó sọ fún Àǹtí mi. "Nǹkan kan wú lára awọ tó bo ọpọlọ yín. Kò sí nínú ọpọlọ gan-an o, ara awọ yẹn ló lẹ̀ mọ́. Òun ló ń tẹ ibi tó ń darí ọwọ́ ọ̀tún."

"Ṣé jẹjẹrẹ ni?" Èmi ni mo béèrè. Àǹtí mi kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ àrùn náà.

"Bó ṣe rí nínú fọ́tò yìí, ó jọ irú kókó kan tá a máa ń rí níbẹ̀ dáadáa, pàápàá lára àwọn obìnrin. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Tá a bá ti là á, tá a yọ ọ́, ó ti tán nìyẹn. Àmọ́ fọ́tò ò lè sọ gbogbo ẹ̀ o. Àwọn nǹkan míì wà tó máa ń fara jọ ọ́. Ìgbà tá a bá gé e táwọn ará láàbù wò ó lèèyàn tó lè fọwọ́ sọ̀yà."

Iṣẹ́ mi ni láti máa pariwo mọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n fetí sí gbólóhùn dé òpin. Èmi gan-an kò gbọ́ ju "kì í ṣe jẹjẹrẹ" lọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e kàn ń gba etí mi kọjá ni.

Wọ́n dájọ́ iṣẹ́ abẹ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà síwájú, nítorí kò sí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n fún wa ní oògùn kan tí kò ní jẹ́ kí ọwọ́ náà jó mọ́, àti parasitamọ́ọ̀ fún orí fífọ́. Wọ́n kó o sínú àpòòwé funfun, wọ́n kọ ọ́ sí ara rẹ̀ bí a ó ṣe lò ó. Dókítà sì sọ ọ́ kí a tó dìde pé, "Ẹ má fi nǹkan kankan kún un o. Àgbo náà, ẹ ṣì fi sílẹ̀ ná." Àǹtí mi mi orí, ó ní òun ti gbọ́. Ó gbọ́ lóòótọ́.

Mo kó o kúrò ní Súrùlérè wá sí ilé mi ní Mushin, kí n lè máa rí i lójú. Èmi ni mo ń tọ́jú oògùn. Láàárọ̀ kí n tó lọ síṣẹ́, mo máa ń fún un ní ti àárọ̀, bí mo bá sì dé nírọ̀lẹ́, mo máa fún un ní ti ìrọ̀lẹ́. Ọwọ́ náà kò jó mọ́. Ṣùgbọ́n orí fífọ́ kò gbọ́, ṣe ló ń le sí i. Ó ń fi gèlè di orí rẹ̀ pinpin bí ẹni ń di ẹrù. Ó ń di ògiri mú lọ sí balùwẹ̀. Mo sè gbogbo oúnjẹ tí mo mọ̀ ọ́n sè, ó ń tọ́ ọ wò, ó ń tì í sẹ́yìn. Mo pe ọsibítù, wọ́n ní kí n mú un wá lọ́jọ́ klíníìkì. Ọjọ́ klíníìkì ṣì ku ọjọ́ mẹ́jọ.

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé sùúrù kọ́ ni Ọlọ́run fún mi. Bí omi bá pẹ́ kó tó hó, mo máa ń ṣí ìkòkò wò. Àǹtí mi jókòó sínú pálọ̀ mi, ó pa ojú dé, ó ń mí bí ẹni gun òkè, èmi sì ń rìn lọ rìn bọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, mo ń bínú, n kò sì rí ẹni tí mo lè bínú sí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan báyìí, mo wọ sálúbàtà, mo gba ẹ̀yìn ilé lọ sọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì.

Gbogbo àdúgbò ló ń pe ọkùnrin náà ní Dókítà. Kì í ṣe dókítà. Mo mọ̀. Mo ti bá a jà rí nítorí pé ó gún ọmọ ilé ìwé mi kan lábẹ́rẹ́ láìbéèrè ohun tó ń ṣe é. Lọ́jọ́ náà, mo kí i dáadáa.

"Orí fífọ́ tó lágbára? Àǹtí, ẹ fìyẹn sílẹ̀ fún mi." Ó ṣí ìgò mẹ́rin, ó da èyí tó pupa, èyí tó yẹ́lò àti èyí tó funfun sórí bébà. Lẹ́yìn náà ló mú àwọn kéékèèké kan kún un, tí kò ju orí ìṣáná lọ. Ó pọ́n bébà náà. "Ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lálẹ́. Wọ́n máa jó."

Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ pé kí wọ́n máa ka ohun tí wọ́n kọ sí ara ìgò, n kò béèrè orúkọ ẹyọ kan.

Mo mọ̀ pé Àǹtí mi kò ní gbà á. Ọ̀rọ̀ dókítà kò yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ pásítọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, kí n tó wọlé, mo dúró sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì, mo mú àpòòwé ọsibítù tó wà nínú báàgì mi, mo tú bébà náà sínú rẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo ní dókítà ti fi oògùn míì kún un, pé mo yà gbà á níbẹ̀. Ó kàn tẹ́ ọwọ́ ni. Kò wo ohun tí mo dà sí i lọ́wọ́. Ó dà á sẹ́nu, ó gba omi, ó ní, "Olúwa ṣeun fún àwọn dókítà yìí."

Lọ́jọ́ kẹta, ó tú gèlè kúrò lórí. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó jẹ ẹ̀bà, ó tún bù ú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń kún, ojú rẹ̀ ń dán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wí nípa bí mo ṣe ń lọ aṣọ, mo sì mọ̀ pé ara rẹ̀ ti yá. Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù. Inú mi dùn, kí n má purọ́. Mo tún padà sọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tí a lọ sí klíníìkì, Àǹtí mi sọ fún wọn pé orí kò fọ́ òun mọ́, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, a sì lọ sílé.

Nígbà tí iṣẹ́ abẹ ku ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n ní kí a tún fọ́tò yà, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n máa gbà wọlé gan-an. Dókítà wa gbé tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́. Ó wò ó. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Ó jáde lọ pe bàbá kan tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, àwọn méjèèjì sì kọ ẹ̀yìn sí wa, wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kókó tó tó ẹyin adìẹ tẹ́lẹ̀ ti kéré bí èkùrọ́.

"Mọ́mì," ni dókítà wí, "ó ti yọ́."

Àǹtí mi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó pe Jésù lẹ́ẹ̀mẹta, omi bọ́ lójú rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n mò ń wo ojú dókítà, ojú náà kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Inú wa dùn pé ara yín yá," ó ní. "Àmọ́ irú kókó tá a rò pé ó jẹ́ kì í yọ́. Ó lè dúró lójú kan, ó lè dàgbà, kì í yọ́. Ṣé ẹ lo oògùn míì ni?"

"Rárá o, Dókítà. Èyí tẹ́ ẹ fún mi náà ni."

Ó yíjú sí mi. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Má? Kò sóògùn míì?"

Mo ti gbìyànjú láti rántí ohun tó wà lọ́kàn mi ní ìṣẹ́jú yẹn. Mo rí bàbá ọ̀gá wọn tó ń wò mí. Mo rí ojú Àǹtí mi tó ń dán, tó ń wò mí bákan náà, láìsí iyèméjì kankan níbẹ̀. Ojú tì mí. Ìyẹn nìkan ni. Kò sí ìdí mìíràn tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Má. Kò sí."

Wọ́n sún iṣẹ́ abẹ síwájú. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ikọ́ ife, pé kì í ṣe àyà nìkan ló ń wọ̀, ó ń wọ awọ ọpọlọ náà. Wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n máa ya fọ́tò àyà. Bí wọn kò bá rí nǹkan mìíràn tó lè mú kókó yọ́, oògùn ikọ́ ife ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀pọ̀ oṣù ló sì máa fi lò ó. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú sùúrù. Mo ń mi orí bí alángbá.

Lójú ọ̀nà sílé, Àǹtí mi ń pe àwọn èèyàn lórí fóònù, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó tó dé Mushin, ó ti dá ọjọ́ ìdúpẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni.

Mo lọ bá oníkẹ́míìsì lọ́jọ́ kejì. Mo tú bébà náà sórí káńtà, mo ya àwọn kéékèèké sọ́tọ̀.

"Kí lèyí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn gan-an ló ń ṣiṣẹ́, Àǹtí. Àwọn ọmọge ń rà á kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn lè kún. Mo máa ń fi í sí gbogbo àdàlù mi. Ara tó bá ń ro, á dákẹ́."

"Ṣé ó lè mú kókó yọ́?"

"Kí ni kò lè yọ́!" Ó tún rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ìyìn ni mò ń yìn ín.

Mo kó bébà náà sínú báàgì iṣẹ́ mi. Láti ọjọ́ náà, n kò fún Àǹtí mi ní èyí tó wà nínú bébà mọ́. Mo rò pé bí mo bá ti dá a dúró, ó ti tán, èmi àti Ọlọ́run la ó jọ mọ ìyókù. Mo tún ń purọ́ fún ara mi. Nínú kíláàsì, mo ń kọ nǹkan sí bọ́ọ̀dù, ọwọ́ mi á dúró láàárín ọ̀rọ̀. Bí fóònù bá dún, mo máa ń yára wo ẹni tó ń pè. Mo ń ronú pé wọ́n fẹ́ fún un ní oògùn àrùn tó ṣeé ṣe kó má ṣe é, kí wọ́n máa fún un títí, kí ohun tó ń ṣe é gan-an sì jókòó síbẹ̀, kó máa rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo mọ̀. Mo pe nọ́ńbà dókítà lẹ́ẹ̀mejì, mo pa á kó tó wọlé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Àǹtí mi wọ léèsì aláwọ̀ omi aró, ó dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì láti jẹ́rìí. Mo jókòó ní ìlà kẹta. Mo rí i pé ó di ẹ̀yìn àga mú kó tó gba maìkì, pé òógùn wà ní iwájú orí rẹ̀, ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé ooru ni.

"Ẹ bá mi yin Olúwa," ó ní. "Wọ́n ní àwọn máa la orí mi. Wọ́n ti dájọ́ pàápàá. Mo lo oògùn ọsibítù, mo gbàdúrà, kókó bá yọ́ dà nù!" Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì hó. Ó wá nawọ́ sí mi. "Àbúrò mi tó jókòó síbẹ̀ yẹn, òun ló ń fún mi lóògùn láàárọ̀, nírọ̀lẹ́. Kò gbàgbé lọ́jọ́ kan. Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún un."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbá mi mọ́ra. Mo rẹ́rìn-ín. Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Èyí tí mo pa fún dókítà kò tó ọ̀sẹ̀ kan.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, láàárọ̀, wọ́n pè mí jáde nínú kíláàsì. Obìnrin tó ń ta bẹ́ẹ̀dìṣíìtì ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù Àǹtí mi ló wà lórí fóònù. Àǹtí mi ti bì lẹ́ẹ̀mẹrin, ó fẹ́ dìde, ó ṣubú lé àwọn aṣọ. Ó ti tutù. Wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù. Mo sáré jáde pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Títí tí mo fi dé ibẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni mò ń sọ, mo sì ń sọ ọ́ síta, àwọn èèyàn ń wò mí: "Mo ti pa á. Mo ti pa á."

Ó dùbúlẹ̀, omi ń kán sí i lára, ojú rẹ̀ là díẹ̀. Dókítà wa wà níbẹ̀. Ó ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀ gan-an, àwọn kò sì rí ìdí. Ó yíjú sí mi, kò sì gbé ohùn sókè lọ́jọ́ náà pẹ̀lú.

"Má, mo fẹ́ tún bi yín. Ẹ jọ̀ọ́. Kí ni Mọ́mì ń lò?"

Mo ṣí báàgì, mo mú bébà náà jáde, mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Àǹtí mi. Mo ní, "Èmi ni mo rà á. Mushin ni mo ti rà á. Mo dà á sínú àpòòwé yín, mo sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ fi ránṣẹ́. Ó ju oṣù kan lọ. Láti ọjọ́ Jímọ́ ni mo ti dá a dúró." Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, n kò mí, nítorí bí mo bá mí, n kò ní lè parí rẹ̀.

Dókítà mú ẹyọ kékeré kan, ó yí i wò. Ó pe nọ́ọ̀sì, ó sọ orúkọ abẹ́rẹ́ kan, wọ́n gún Àǹtí mi kíákíá. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí àga. Ó ní sítẹ́rọ́ọ̀dù ni oògùn náà. Ó máa ń mọ́ ara lára débi pé ara kì í pèsè irú rẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ́, bí èèyàn bá sì dá a dúró lójijì, èèyàn lè kú. Ó ní oògùn náà kò lè yọ́ kókó tí àwọn kọ́kọ́ rò. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó máa ń fara jọ kókó yẹn nínú fọ́tò, tí ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, tó ṣọ̀wọ́n débi pé òun kò tíì rí i rí, inú ìwé nìkan lòun ti kà á. Líńfómà ni. Àwọn ẹ̀jẹ̀ funfun tí ń ṣọ́ ara ló ń pọ̀ sí i láìníjàánu, tí wọ́n á wá jókòó sórí awọ ọpọlọ. Òun ni oògùn kékeré yìí máa ń yọ́ bí òrí inú oòrùn, tí á sì tún padà wá.

"Nítorí náà, jẹjẹrẹ ni," mo wí.

"Ó ṣeé ṣe. Irú rẹ̀ kan wà tó máa ń rọra rìn, ó ṣeé wò sàn. Àmọ́ ká ní a gé e lọ́jọ́ tá a dá ni, pẹ̀lú oògùn yẹn lára, àwọn ará láàbù lè má rí nǹkan kan. Wọ́n á kọ pé ara tó kàn wú ni. Ká ní oògùn ikọ́ ife la sì bẹ̀rẹ̀ ni..." Kò parí rẹ̀.

Àǹtí mi ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo sún mọ́ ọn, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Àǹtí mi, ẹ dárí jì mí." Ó yí orí sí ògiri. Kò bú mi. Èmi tí wọ́n ti ń bú láti kékeré mọ ohun tí èébú ń sọ, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n rọra dín oògùn náà kù fún un títí ó fi tán lára rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń dúró kí kókó náà padà. Mo ti dúró de ọ̀pọ̀ nǹkan láyé, n kò dúró rí de kí nǹkan burúkú padà kí a lè mọ̀ ọ́n. Bí ó bá ní orí ń fọ́ òun, ẹ̀rù á bà mí. Bí kò bá sì sọ ọ́, ẹ̀rù á tún bà mí. Ó ti padà sí Súrùlérè nígbà náà. Mo ń lọ kí i lójoojúmọ́, ó ń fún mi lóúnjẹ, ó ń béèrè ilé ìwé, ṣùgbọ́n kò pè mí ní Tíṣà mọ́. Ó padà sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó ní kí n má tẹ̀ lé òun. Ẹlòmíràn ló sọ fún mi pé ó tún gba maìkì, pé ó ní àṣìṣe wà nínú ẹ̀rí tí òun jẹ́, pé oògùn kan wà lára òun tí òun kò mọ̀, kí wọ́n máa bá òun gbàdúrà. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ta ni kò mọ̀?

Nígbà tí fọ́tò kẹta fi hàn pé ó ti wú padà, wọ́n là á, wọ́n gé díẹ̀. Ìdúró tún bẹ̀rẹ̀. Ní láàbù, wọ́n máa ń fi ìda bò ó, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ, wọ́n á rẹ ẹ́ láró kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ wò ó. Èsì àkọ́kọ́ ní kò yé àwọn dáadáa. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àgbà kan tó mọ̀ nípa rẹ̀ jù wọ́n lọ. Ọjọ́ mọ́kànlá ni. Mo mọ̀ ọ́n nítorí mo ń sàmì sí ẹ̀yìn ìwé àkọsílẹ̀ kíláàsì mi, bí ẹlẹ́wọ̀n.

Lọ́jọ́ kejìlá, wọ́n pè wá. Líńfómà ni, irú tí ń rọra rìn. Kò sí níbòmíràn lára rẹ̀. Kò ní sí pé wọ́n ń la orí mọ́; iná ìtànṣán ni wọ́n máa fi jó o, wọ́n sì nírètí pé yóò lọ. Dókítà rẹ́rìn-ín, èyí tí a rí lójú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó wò mí, àánú mi sì ṣe é, mo rò bẹ́ẹ̀, nítorí ó ní, "Yíyọ́ tó yọ́ yẹn náà ló jẹ́ ká fura o, Má." Ó fẹ́ fi ìyẹn tù mí nínú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò gbà á. Ẹni tó tiná bọ ilé, tí iná náà jẹ́ kí wọ́n rí olè, kò yẹ kó máa retí ẹ̀bùn.

Ó wá ṣàlàyé pé bí wọ́n bá ń fi ìtànṣán jó o, ibẹ̀ lè wú, nítorí náà Àǹtí mi máa lo sítẹ́rọ́ọ̀dù fún ìgbà díẹ̀, ní ìwọ̀n. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú páálí kékeré kan jáde. Ó nà án sí mi, nítorí èmi ni mo máa ń gba nǹkan. Mo na ọwọ́ mi.

"Dókítà," ni Àǹtí mi wí, "ẹ gbé e fún èmi."

Ó gbà á. Ó wá gíláàsì rẹ̀ nínú báàgì, ó fi í sójú, ó gbé páálí náà sún mọ́ fèrèsé. Ó béèrè orúkọ rẹ̀. Dókítà pè é. Ó ní kó tún un pè, ó sì ń pè é tẹ̀ lé e, ó ń fi ìka tọ lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó béèrè ohun tó ń ṣe lára. Ó béèrè ẹyọ mélòó ni láàárọ̀, mélòó ni nírọ̀lẹ́, ọjọ́ wo ló máa tán, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí òun bá gbàgbé. Òun ni dókítà kọjú sí tó ń dá lóhùn. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọwọ́ mi lórí itan mi, mò ń gbọ́ gbogbo ìbéèrè tí mi ò béèrè.